Kí ló dé tí Kòríà Gúúsù dúró, tí Vietnam Gúúsù ṣubú?

Atọ́pinpin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà inú ìtàn. Ọ̀rọ̀ Ogun Tútù ni mo bá wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Amẹ́ríkà kó ọmọ ogun yanturu lọ sí Éṣíà kí ìjọba kọ́múníìsì má baà tàn kálẹ̀: Kòríà láti 1950 sí 1953, àti Vietnam, níbi tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọn ti gúnlẹ̀ sí Da Nang lóṣù kẹta 1965, tí èyí tó kẹ́yìn sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lóṣù kẹta 1973. Ìlà ni wọ́n fi pín ilẹ̀ méjèèjì, kọ́múníìsì lápá àríwá, ẹni Amẹ́ríkà lápá gúúsù. Vietnam gba bọ́ǹbù ju Kòríà lọ, ó sì pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Síbẹ̀ ìjọba Seoul ṣì wà lórí àga, ti Saigon dàwátì ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1975. "Ó ti sú àwọn ará Amẹ́ríkà" ni ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún èèyàn, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ bá mi tú u. Ẹ fi ọdún sí i, ẹ fi iye sí i.

Àwòrán-Ilẹ̀

Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ kí ẹ tó wo ìbọn.

Òkun ló yí Kòríà Gúúsù ká ní ìlà-oòrùn, ní ìwọ̀-oòrùn àti ní gúúsù. Àríwá nìkan ni ẹsẹ̀ lè gbà wọ ibẹ̀, ìbú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 250 lọ. Ẹni tó bá to ọmọ ogun sójú ìlà yẹn, tí ọkọ̀ ogun ojú omi rẹ̀ sì ń ṣọ́ etíkun, ó ti sé gbogbo rẹ̀ pa.

Vietnam Gúúsù gùn gbọọrọ, ó sì tín-ín-rín. Ìlà tó wà láàárín òun àti Àríwá, ní ìlà ìbú 17, kúrú. Ààlà ìwọ̀-oòrùn ni bàbá ìṣòro: ó bá Laos àti Cambodia pààlà fún ohun tó ju kìlómítà 1,000 lọ, òkè àti igbó kìjikìji sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1962, àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá tọwọ́ bọ̀wé ní Geneva pé Laos kò gbọdọ̀ ṣègbè fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà Amẹ́ríkà kò lè kó ọmọ ogun orí ilẹ̀ wọ ibẹ̀ ní gbangba. Hanoi, ìyẹn ìjọba Vietnam Àríwá, náà tọwọ́ bọ̀ ọ́, àmọ́ kò kó ọmọ ogun tirẹ̀ kúrò. Ilẹ̀kùn iwájú ni Amẹ́ríkà ń tì gbọn-in gbọn-in, ẹ̀yìnkùlé kò ní ògiri.

Gbogbo ohun yòókù, láti orí bọ́ǹbù dé orí òṣèlú, ẹ̀yìn èyí ló tò sí.

Jagunlabí

Ẹ̀gbọ́n Àwòrán-Ilẹ̀, mo júbà, àmọ́ n kò gbà. Ilẹ̀ kì í jà, èèyàn ní ń jà. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko.

Ní Kòríà Gúúsù, òfin àtúnpín ilẹ̀ jáde ní 1949, wọ́n sì tún un ṣe lóṣù kẹta 1950, oṣù mẹ́ta péré kí ogun tó dé. Onílẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju nǹkan bí hẹ́kítà 3 lọ. Ìjọba gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní ìwé ẹ̀rí gbèsè dípò owó, ó sì ta ilẹ̀ náà fún ẹni tó ń ro ó. Nígbà tí ọmọ ogun Àríwá dé pẹ̀lú ìlérí ilẹ̀ ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti ní tiwọn, tàbí kí wọ́n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́nà.

Ní Vietnam Gúúsù, Ngo Dinh Diem, ààrẹ ibẹ̀, ṣe tirẹ̀ ní 1956: onílẹ̀ lè di hẹ́kítà 100 mú. Ọgọ́rùn-ún! Lágbègbè ẹnu odò Mekong tí ìdílé ń fi hẹ́kítà kan tàbí méjì jẹun. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn Viet Minh, ẹgbẹ́ tí kọ́múníìsì ń darí, ti pín ilẹ̀ fáwọn àgbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá Faransé jà. Ìjọba Diem wá jẹ́ kí onílẹ̀ padà dé, ṣọ́jà lẹ́yìn rẹ̀, kó wá gba ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò nílò ìwé Marx kó tó kórìíra ìjọba. Òfin tó dára, èyí tó fi ilẹ̀ fún ẹni tó ń ro ó láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹta 1970 ló tó jáde.

Diem fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀gágun tirẹ̀ ló pa á ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá 1963, Amẹ́ríkà sì mọ̀ sí ìdìtẹ̀ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìfipágbàjọba lé ìfipágbàjọba títí di 1965. Ta ni kí àgbẹ̀ kú fún nínú wọn?

Àwòrán-Ilẹ̀

Jagunlabí, òótọ́ lo sọ lórí ilẹ̀ oko, àmọ́ má fi Syngman Rhee, ààrẹ Kòríà Gúúsù, ṣe áńgẹ́lì fún wa. Ìjọba rẹ̀ pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará erékùṣù Jeju láti 1948, ó tún pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́wọ̀n àti afurasí kọ́múníìsì nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló lé e kúrò lórí àga ní 1960. Ìjọba burúkú wà níhìn-ín, ó wà lọ́hùn-ún. Èyí tí ààlà rẹ̀ dí rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe. Èkejì kò rí i.

Àdùnní_Òkèèrè

Ẹ dákun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàlàyé ọ̀nà Ho Chi Minh dáadáa, èyí tí Hanoi ń gbà kó ọmọ ogun àti ẹrù gba inú Laos lọ sí Gúúsù. Báwo ni bàálù ṣe ń ju bọ́ǹbù síbẹ̀ lọ́dọọdún tí ọkọ̀ ṣì ń kọjá?

Àwòrán-Ilẹ̀

Àdùnní, kì í ṣe ọ̀nà kan. Ọ̀nà púpọ̀ ni, tí wọ́n ń yà kúrò lára ara wọn tí wọ́n sì tún ń padà pàdé. Ẹ̀ka ológun tó ń bójú tó o ń jẹ́ Ẹgbẹ́ 559, nítorí pé oṣù karùn-ún ọdún 1959 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ni èèyàn fi ń gbé ẹrù. Kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e. Wọn kì í gùn ún, wọ́n ń tì í ni. Wọ́n á so ọparun mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kó lè gùn jáde sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fi òmíràn dúró ṣánṣán lẹ́yìn ìjókòó. Ẹni tó ń tì í á fi ọwọ́ kan darí, á fi ìkejì gbé e dúró. Kẹ̀kẹ́ kan lè gbé igba kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1960, ọkọ̀ akẹ́rù láti Sófíẹ̀tì àti Ṣáínà ti gba iṣẹ́ náà. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: awakọ̀ kan kì í wa ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìbùdó dé ìbùdó ni wọ́n pín in. Awakọ̀ á gbé ẹrù láti ìbùdó tirẹ̀ dé èyí tó kàn lóru, á já a síbẹ̀, á sì ti padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Abala yẹn nìkan ló mọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo kòtò inú rẹ̀ láìtan iná. Bí bọ́ǹbù bá ba abala kan jẹ́, ìyókù ń bá iṣẹ́ lọ.

Ibi tí òkè ti fún ọ̀nà mọ́ra, bíi Mu Gia àti Ban Karai, àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ń gbé ibẹ̀ gan-an, ṣọ́bìrì, òkúta àti igi ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Bàálù bá ti lọ, wọ́n ti jáde. Lórí odò, wọ́n kì í jẹ́ kí afárá yọ sókè; ìsàlẹ̀ omi díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, kí ẹni tó wà lójú ọ̀run má baà rí i, kí táyà sì ríbi tẹ̀. Wọ́n ń fi ọparun àti ewéko tútù ṣe àtíbàbà bo ibi tí ọ̀nà bá ti hàn síta. Láti 1968, wọ́n tún ń ri páìpù epo gba àárín òkè wọ Laos, kí ọkọ̀ má baà máa ru epo tí òun náà máa jó.

Òjò máa ń dí wọn lọ́wọ́ ju bọ́ǹbù lọ. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, ọ̀nà á di ẹrẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sáré kó ẹrù.

Àmọ́ ìṣirò kan ló pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lóṣù kẹjọ 1967, Robert McNamara, tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà, sọ fún ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àgbà pé ohun tí ọ̀tá nílò láti ìta, yàtọ̀ sí oúnjẹ, kò tó 100 tọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ẹ ṣírò ọkọ̀ tó ń gbé tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀: 40 ọkọ̀ ti kó o tán. Inú Gúúsù lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú ìrẹsì ti ń wá. Bí ìdajì ọkọ̀ bá jóná lọ́nà, wọ́n á tú ìlọ́po méjì jáde. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà wà ní Sófíẹ̀tì àti Ṣáínà, kò sí bàálù tó gbọdọ̀ débẹ̀.

Adúláwọ̀1

Ẹ̀rọ tí wọ́n jù sínú igbó láti máa gbọ́ ìró ọkọ̀ ńkọ́?

Alágbẹ̀dẹ

Igloo White lorúkọ ètò yẹn, ìparí 1967 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàálù ló ń ju ẹ̀rọ náà. Irú kan máa ń gún ilẹ̀ wọlé, eriali rẹ̀ nìkan ló máa yọ síta, wọ́n sì ṣe é kó jọ igi kékeré. Ìmìtìtì ilẹ̀ lábẹ́ táyà ló ń gbọ́. Irú kejì ní agboòrùn, ó máa ń há sórí igi, ohùn ló ń gbọ́. Bàálù mìíràn tó ń yí po lókè á gba ìró náà, á taari rẹ̀ sí Nakhon Phanom ní Thailand. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà IBM ti máa ṣírò bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó àti ibi tó máa dé, kí wọ́n tó rán bàálù ajubọ́ǹbù.

Ibi tó ti bàjẹ́: bátìrì á kú, wọ́n á tún un jù. Èyí tó bá jábọ́ síbi tí kò yẹ, irọ́ ló ń pa. Ìṣòro tó tóbi jù ni kíka ọkọ̀. Awakọ̀ òfurufú rí iná lálẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ kan ti jóná. Ẹni tó tẹ̀ lé e rí ọkọ̀ kan náà, ó tún kọ ọ́. CIA, ilé iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ kò gba iye yẹn gbọ́, ṣe ni wọ́n máa ń gé púpọ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Wọ́n tún gbìyànjú òjò. Láti 1967 sí 1972, bàálù ń fọ́n sílífà áyódáìdì sínú ìkúukùu lókè Laos kí ìgbà òjò lè gùn sí i. Popeye ni wọ́n pè é. Nígbà tí àṣírí tú, ó wà lára ohun tó bí àdéhùn àgbáyé ti 1977 tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ọjọ́ jagun.

Laos ló ń san gbèsè rẹ̀ títí dòní. Bọ́ǹbù tó ju mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù lọ ni wọ́n jù síbẹ̀ láàárín 1964 sí 1973. Nǹkan bí 270 mílíọ̀nù bọ́ǹbù kéékèèké ló ti inú àwọn ńlá jáde, tó bí ìdá 30 nínú 100 nínú wọn kò sì bú nígbà tó balẹ̀. Ọkọ́ àgbẹ̀ ló ń bá wọn pàdé.

Ọmọ-Ológun

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìbọn. Ṣé òótọ́ ni pé M16, ìbọn àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ń há mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ìjà?

Alágbẹ̀dẹ

Òótọ́ ni, pàápàá ní 1966 àti 1967. Ohun mẹ́ta ló pàdé ara wọn.

Ẹ̀tù ni àkọ́kọ́. IMR 4475 ni ẹ̀tù tí wọ́n fi ṣètò ìbọn náà látilẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbà á, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí WC 846, ẹ̀tù oníhóró róbótó. Èyí mú kí ìbọn máa yìn yára ju bó ti yẹ lọ, ìgbà mìíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì ń dì mọ́ páìpù tín-ín-rín tó ń gbé èéfín padà sẹ́yìn láti ti irin inú ìbọn.

Èkejì ni ihò tí ọta ń jókòó sí kó tó jáde. Wọn kò fi kúróòmù bò ó. Nínú ọ̀rinrin Vietnam, ìpẹta á jẹ ẹ́, á lu ihò wẹ́wẹ́ sára rẹ̀. Nígbà tí ọta bá bú, ìkarahun rẹ̀ tó jẹ́ idẹ á fẹ̀, á dì mọ́ ihò wẹ́wẹ́ náà. Ìkọ́ tó yẹ kó fà á jáde á já etí ìkarahun náà, òun fúnra rẹ̀ á sì jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbọn ti kú.

Ẹ̀kẹta ló bí èèyàn nínú jù. Wọ́n ti sọ fún àwọn ọmọ ogun pé ìbọn náà kò fi bẹ́ẹ̀ nílò nínù, irin ìnubọn kò sì kárí wọn. Irin yẹn gan-an ni wọ́n nílò láti ti ẹnu ìbọn wọlé, kí wọ́n fi gún ìkarahun tó há jáde, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, nígbà tí ẹni tó mú AK ń yìnbọn sí wọn. Lẹ́yìn ìjà orí àwọn òkè tó wà nítòsí Khe Sanh, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún 1967, lẹ́tà àwọn ọmọ ogun Marine kún fún ìròyìn yìí. Ìgbìmọ̀ aṣòfin tí Richard Ichord jẹ́ alága rẹ̀ gbé ìjábọ̀ jáde lóṣù kẹwàá ọdún yẹn, kò sì bo ẹnikẹ́ni láṣìírí.

Àtúnṣe rẹ̀: kúróòmù sínú ihò ọta, irin ìdádúró tó wúwo sí i kí ìyìn lè dín kù, ẹ̀tù tí kálísíọ̀mù rẹ̀ kéré, ohun èlò ìnubọn fún oníkálukú. Nígbà tó fi di 1969, M16A1 ti di ìbọn gidi. Ọta AK ní tirẹ̀, ara rẹ̀ fẹ̀ nídìí ó sì tín-ín-rín lókè, ó máa ń yọ wọ́ọ́rọ́.

Àmọ́ ẹ má gbé ẹ̀bi ogun lé ìbọn lórí o. Ọdún tí ìbọn dára tán, Amẹ́ríkà ti ń wá ọ̀nà àtilọ.

Ọmọ-Ológun

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń ka ìṣẹ́gun kún un. Ní Kòríà, bí ìlà ṣe ń sún síwájú tàbí sẹ́yìn ni wọ́n fi ń mọ̀. Ní Vietnam kò sí ìlà, Ọ̀gágun Westmoreland, tó ń darí ọmọ ogun Amẹ́ríkà níbẹ̀, bá ní kí wọ́n máa ka òkú. Èrò rẹ̀ ni pé ọjọ́ kan á dé tí iye ọ̀tá tó ń kú á ju iye tí Hanoi lè fi rọ́pò lọ. Ọjọ́ yẹn kò dé: nǹkan bí 200,000 ọ̀dọ́kùnrin ló ń tó ogun jà lọ́dọọdún ní Àríwá. Ọ̀gá tí òkú rẹ̀ bá pọ̀ lórí ìwé ló ń rí ìgbéga, nítorí náà òkú aráàlú di òkú ọ̀tá lórí ìwé.

Oṣù 12 ni ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń lò, Marine ń lo 13, ọ̀gá tó ń darí ẹgbẹ́ sì sábà máa ń lo mẹ́fà péré lórí oyè. Bó bá ti mọ igbó tán, ó ti ń di ẹrù.

Adúláwọ̀1

Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì borí kọ́múníìsì ní Malaya láìju bọ́ǹbù tó báyìí?

Jagunlabí

Ó borí, láti 1948 sí 1960, àmọ́ ẹ wo irú ẹni tó bá jà. Agbébọn inú igbó Malaya kò ju nǹkan bí 8,000 lọ nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, Ṣáínà tó ń gbé Malaya sì ni púpọ̀ nínú wọn. Oúnjẹ wọn ń ti ọwọ́ àwọn Ṣáínà tó tẹ̀dó sí etí igbó láìní ìwé ilẹ̀ wá. Láti 1950, Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn kúrò níbẹ̀ lọ sí abúlé tuntun tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká, ọ̀pọ̀ sì rí ìwé ilẹ̀ gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún oúnjẹ lọ́rùn. Láwọn àgbègbè kan, ojú kan ni wọ́n ti ń se ìrẹsì fún gbogbo abúlé, nítorí pé ìrẹsì sísè kò ní pẹ́ bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e wọgbó. Bí èèyàn bá ra oúnjẹ inú agolo, ẹni tó tà á gbọdọ̀ lu ihò sí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún ṣèlérí òmìnira, wọ́n sì fún wọn ní 1957.

Robert Thompson, tó ti bá wọn ṣe é ní Malaya, ló gba Diem nímọ̀ràn. Ní 1962, Vietnam bẹ̀rẹ̀ abúlé olódi tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó níbẹ̀ kì í ṣe àjèjì etí igbó. Àgbẹ̀ ni wọ́n, lórí ilẹ̀ tí sàréè baba ńlá wọn wà. Wọ́n fipá mú wọn gbẹ́ kòtò odi láìsanwó. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé ni ìjọba sọ pé òun parí láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju wáyà àti orúkọ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí ètò náà, Pham Ngoc Thao, amí Hanoi ni. Òun ló ń tì wọ́n pé kí wọ́n yára, kó lè tètè bàjẹ́!

Atọ́pinpin

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí Amẹ́ríkà kò kúkú wọ Hanoi?

Àwòrán-Ilẹ̀

Kòríà ló kọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án 1950, MacArthur, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí èbúté Inchon, lẹ́yìn ọ̀tá. Ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí òkun kún àti ìgbà tó fà níbẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 9. Bí ó bá fà, ẹrẹ̀ ló kù, ọkọ̀ ojú omi á jókòó sínú rẹ̀ bámúbámú. Ọjọ́ díẹ̀ péré lóṣù ni omi ga tó fún ọkọ̀ ńlá tó ń kó táǹkì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín in sí méjì: wọ́n gba erékùṣù Wolmi lójú omi òwúrọ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ dá wà títí omi ìrọ̀lẹ́ fi kún, kí ìyókù tó wọ ìlú. Ó yọrí sí rere, ìpèsè ọmọ ogun Àríwá tó wà nísàlẹ̀ sì já.

Ayọ̀ yẹn ló gùn wọ́n. Wọ́n kọjá ìlà ìbú 38, wọ́n gba Pyongyang ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ ogun Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá odò Yalu lóru. Nígbà tó fi di ọjọ́ 4 oṣù kìíní 1951, Seoul ti tún bọ́. Ìlú yẹn yí ọwọ́ padà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan. Ogun tí wọn ì bá parí ní 1950 di 1953, ìlà sì padà sí ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojú kan náà. Ó lé ní 36,000 ọmọ Amẹ́ríkà tó kú.

Ààrẹ Johnson kò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́, ẹ̀rù rẹ̀ kì í sì í ṣe àlá lásán. Láàárín 1965 sí 1969, Ṣáínà rán ọmọ ogun tí àpapọ̀ wọn tó 320,000 sí Vietnam Àríwá, wọ́n ń tún ojú irin ṣe, wọ́n ń yìnbọn sí bàálù. Ìdí nìyí tí Hanoi fi lè kó ọmọ ogun tirẹ̀ jáde lọ sí Gúúsù: ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní wọlé wá bá òun.

Adúláwọ̀1

Áfíríkà ńkọ́? Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀ ni?

Àdùnní_Òkèèrè

Angola ni kí ẹ wò. Kí òmìnira tó dé ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1975, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń du ìjọba níbẹ̀: CIA ń fi owó àti ìbọn ran FNLA àti UNITA lọ́wọ́ kí MPLA má baà gbàjọba, ọmọ ogun South Africa sì ti wọlé láti gúúsù. Wíwọlé South Africa yẹn ló yí ojú Lagos padà: oṣù kan náà ni ìjọba Murtala Mohammed gba MPLA gẹ́gẹ́ bí ìjọba. Ààrẹ Ford kọ lẹ́tà sí àwọn olórí Áfíríkà, Murtala sì fọwọ́ gbá a dànù ní Addis Ababa ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1976. Ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ti dáwọ́ owó dúró láti oṣù kejìlá, nítorí Saigon ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́ ogun mìíràn.

Cuba kó ọmọ ogun wá gbèjà MPLA, wọ́n sì sọ iṣẹ́ náà ní Carlota, orúkọ ẹrúbìnrin kan tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ níbi ìfúnrèké Triunvirato ní Matanzas lóṣù kọkànlá 1843. Lucumí ni wọ́n pe ìran rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn àwọn tiwa.

Alábòójútó

Àdùnní, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ṣí ojú-ewé ọ̀tọ̀ fún Angola, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sí Éṣíà.

Jagunlabí

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà ìdí mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn: ìwé àdéhùn. Ní Kòríà, ìdáwọ́ ìjà ti ọjọ́ 27 oṣù keje 1953 fi ọmọ ogun ìhà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ìlà tirẹ̀, àyè kìlómítà 4 sì wà láàárín wọn. Lóṣù kẹwàá, Amẹ́ríkà bá Seoul tọwọ́ bọ àdéhùn ààbò, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Nǹkan bí 28,500 ṣì wà níbẹ̀ lónìí.

Àdéhùn Paris ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní 1973 ní kí Amẹ́ríkà kó jáde láàárín ọjọ́ 60, kò sì ní kí ọmọ ogun Hanoi tó ti wà nínú Gúúsù jáde. Ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún wọn níbẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, ilé aṣòfin fòfin de bọ́ǹbù jíjù pátápátá. Ẹ fi wé 1972: nígbà tí Hanoi fi táǹkì kọlù wọ́n, ìlú An Loc àti Kontum dúró torí pé B-52, bàálù ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà, wà lókè. Ní 1975, ìlú Buon Ma Thuot bọ́ lóṣù kẹta, Thieu, ààrẹ Vietnam Gúúsù, ní kí wọ́n kó kúrò lórí òkè gba ọ̀nà 7B tí afárá rẹ̀ ti wó, ọmọ ogun àti ìdílé wọn há sójú ọ̀nà kan náà, kò sì sí bàálù. Ọ̀sẹ̀ méje péré ló gbà kí Saigon tó bọ́.

Atọ́pinpin

Ẹ̀gbọ́n Àwòrán-Ilẹ̀, bí wọ́n bá ti dí Laos gan-an ńkọ́? Ṣé ó ṣeé ṣe?

Àwòrán-Ilẹ̀

Westmoreland ní ètò rẹ̀ lọ́wọ́, El Paso ló pè é: kí wọ́n gba Ọ̀nà 9 láti Khe Sanh wọ Laos, kí wọ́n jókòó sórí ọ̀nà Ho Chi Minh. Johnson kò fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n wá ṣe é ní 1971, lábẹ́ orúkọ Lam Son 719, òfin ti ní kí ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí olùdámọ̀ràn kankan má wọ Laos. Nǹkan bí 17,000 ọmọ ogun Vietnam Gúúsù ni wọ́n rán, sójú ọ̀nà kan ṣoṣo tó ti bàjẹ́, láti dí ibi tí Hanoi ti ń kó nǹkan pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Wọn kò ní àwọn olùdámọ̀ràn tó máa ń bá wọn pe bàálù lórí rédíò. Hẹlikópítà tó ju ọgọ́rùn-ún lọ bàjẹ́ láìṣeé tún ṣe. Wọ́n dé Tchepone, ìlú Laos tí wọ́n ń lé, wọ́n sá padà. Èyí kò fi hàn pé a kò lè dí ọ̀nà náà. Ó fi hàn pé wọ́n dí i pẹ́, wọ́n sì fi ọwọ́ kan dí i.

Jagunlabí

Kí wọ́n tiẹ̀ dí i ní 1967. Láti 1966 títí wọ́n fi yọ Sihanouk, olórí Cambodia, lóṣù kẹta 1970, ọkọ̀ ojú omi ń já ìbọn Ṣáínà ní èbúté Sihanoukville ní Cambodia, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbé e lọ sí ààlà. Ìyẹn kò kọjá Ọ̀nà 9 rárá.

Àwòrán-Ilẹ̀

Apá ìsàlẹ̀ ni Sihanoukville ń bọ́, Saigon àti ẹnu odò Mekong. Àwọn tó ń jà ní Hue àti Khe Sanh kò rí ọta kan gbà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọmọ ogun Hanoi gan-an ni wọ́n. Laos ni mo ṣì dúró lé.